Ẹsẹ̀ Tó Ń Yí Padà Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

"Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró lórí ẹ̀rọ yìí bí ẹ ṣe máa ń dúró nílé."

Ohun tí Dókítà Monínúọlá kọ́kọ́ sọ fún Ọlálérè nìyẹn, nínú yàrá àyẹ̀wò àwọn eléré ìdárayá l'Ádó-Èkìtì. Ọlálérè, ọmọ Ìgèdè tí kò sẹ́ni tó ń lé e bá lórí pápá, gbàgbé bó ṣe máa ń dúró pátápátá. Ó ṣáà ń wo omidan náà.

Àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà, pupa níbi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, búlúù níbi tó fúyẹ́.

"Ẹsẹ̀ yín dára gan-an," ni dókítà wí. "Kò sídìí tí ẹ fi máa padà wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba Ọlálérè nínú jẹ́. Ìfẹ́ ti kó sí i lórí, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà rí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gun ọ̀kadà láti àdúgbò Fájuyì, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ti fín lọ́fínńdà sí àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹ jẹ́ ká bá a dárò. Bó ṣe gorí ẹ̀rọ, ó rọra tẹ ọrùn ẹsẹ̀ sínú. Kọ̀ǹpútà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ. Nígbà tó tún wá, ó tẹ̀ ẹ́ síta. Kọ̀ǹpútà ní ó ti ká sókè jù.

Monínúọlá mi orí. "Mi ò lè jẹ́ kí ẹ sáré nínú ìdíje tó ń bọ̀. Màá sọ fún Kóòṣì yín."

Ọ̀ràn dé. Kóòṣì Bámgbóyè ni bàbá Monínúọlá. Bí Ọlálérè bá dákẹ́, ìdíje tó ti ń múra fún láti ọdún tó kọjá bọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́wọ́, ojú bàbá ọmọ ni yóò ti jẹ́wọ́.

Kóòṣì ránṣẹ́ pe ìyá Ọlálérè láti Ìgèdè. Màmá dé tòun tẹkún. "Kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe báyìí rí nínú ulé wa! Dókítà, ẹ gbà mí o!"

Ọlálérè dúró lórí ẹ̀rọ níwájú Kóòṣì, òógùn bò ó. Ẹkún ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kó lanu.

"Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ máa rí Dókítà ni. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn."

Kóòṣì ṣí fìlà. Ọlálérè, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé, dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ àgbà. Ó gbàgbé pé orí ẹ̀rọ lòun wà. Àyà àti ikùn rẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà ní pupa.

"Yéè, ó ti ràn dé ikùn!" ni màmá ké.

Ẹ̀rín pa Monínúọlá títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín. "Monínúọlá, ṣé o gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́, Dádì. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kì í yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo kàn fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni." Ó yíjú sí Ọlálérè. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín. Ẹ lọ sáré. Tí ẹ bá dé, kí ẹ wá kí mi nílé bí èèyàn gidi."

Màmá ti nu ojú nù. "Kóòṣì, ìgbà wo làwọn ẹbí wa lè wá rí yín?"

Kóòṣì mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde kúrò lórí ẹ̀rọ ìjọba ná."