Ọkọ̀ Kò Gbọdọ̀ Dúró Lọ́sàn-án

Ẹsẹ̀ méjì ni Rísíkàt kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló dúró gangan níwájú ìsọ̀ aṣọ bàbá rẹ̀ ní Odode, ẹsẹ̀ méjì sì yọ síta lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kún fún epo dúdú àti eruku ọ̀nà Òǹdó.

Láyé ìgbà náà, àwọn ará Ìdànrè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odode láti ìlú orí òkè ni. Kòkó ń jáde, iyọ̀ àti aṣọ ń wọlé, ojú ọ̀nà ọjà kò sì tíì fẹ̀ ju kí ọkọ̀ kan dí i.

Rísíkàt bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ náà sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹsẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ni yín pé ó ti dí ọjà mi."

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹni tó ni wá ní kí ẹ má bínú. Ó ní bí òun bá gbé e kúrò, oòrùn á mú kí aṣọ yín ṣá."

Òótọ́ ni. Òjìji ọkọ̀ náà ti bo gbogbo aṣọ tó tò síta. Rísíkàt ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló yọ jáde, epo wà nímú rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òǹdó tó ń fi ọkọ̀ kó kòkó. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ kò mọ ibòmíràn tó lè bàjẹ́ sí mọ́ àfi iwájú ìsọ̀ Rísíkàt.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn ọlọ́jà sì ń ráhùn. Bàbá Rísíkàt, Múdàṣírù, ọkùnrin tó ti Ìlọrin wá tajà, ló ṣáájú wọn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n ṣòfin: láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà ọjà. Pápá tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú ni kí gbogbo wọn lọ dúró sí, akódà ìgbìmọ̀ yóò sì máa ṣọ́ wọn. Gbogbo ọjà yọ̀. Rísíkàt nìkan ni kò yọ̀.

Búrẹ́mọ̀ náà ro ó títí. Òfin ní kí ọkọ̀ má dúró, kò ní kó má kọjá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń lọ, á parí rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀.

"Adúmáadán, mo fẹ́ kí o…" ló wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ sì gbé e kọjá. Bó ti ń padà bọ̀ ni akódà dá a gba ọ̀nà mìíràn. Rísíkàt kò lè ta nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó tún yọ.

"Kí o fẹ́ mi," ni Búrẹ́mọ̀ wí.

"O ti pẹ́ jù. Mo ti gbà láti àná."

Nígbà tí Múdàṣírù gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. "Awakọ̀? Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni ilé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí."

Rísíkàt sunkún, ìyá rẹ̀ Àìníà sì bẹ Múdàṣírù títí, kó tó ní kí ẹbí Búrẹ́mọ̀ wá kí òun rí wọn. Ṣùgbọ́n ó ní kí akódà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. "Ilé mi wà lójú ọ̀nà ọjà. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dúró síbí lọ́sàn-án, kí wọ́n yí padà. Ẹni tí kò lè pa òfin ìlú mọ́ kò lè tọ́jú ọmọ mi."

Rísíkàt mọ̀ pé orúnkún ń dun ìyá Búrẹ́mọ̀, kò lè rìn jìnnà. Kò sì rí ẹni tí yóò rán sí olólùfẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, inú yàrá ló dúró sí, ó ń tẹ́tí bóyá ọkọ̀ yóò dún. Ọkọ̀ kò dún. Ariwo ẹ̀rín àwọn ọlọ́jà ló gbọ́, ó sì yọjú. Àwọn ẹbí Búrẹ́mọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti pápá nínú aṣọ funfun, òógùn bò wọ́n. Búrẹ́mọ̀ ló ṣáájú, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn.

Múdàṣírù dìde. "Kí ló dé tí o ò gbé ìyá rẹ dé ẹnu ọ̀nà?"

"Òfin yín ni, Bàbá," ni Búrẹ́mọ̀ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìtìjú mú àgbàlagbà náà. Ó yíjú sínú ilé. "Rísíkàt, gbé àga wá fún ìyá ọkọ rẹ."

Wọ́n so yìgì ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n fẹ́ sọdá odò Ọwẹ́nà lọ sí Òǹdó kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ọ̀sán náà ni ìyàwó gbọ́dọ̀ gbéra. Akódà fúnra rẹ̀ wá sọ pé lónìí, kí ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Rárá," ni Múdàṣírù wí. "Pápá ni ọkọ̀ wà."

Àwọn obìnrin kùn. Nínú àṣà wọn, bàbá kì í sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti ṣàdúrà, yóò sì wọlé padà. Múdàṣírù ṣàdúrà, àwọn àǹtí Rísíkàt sì mú un lọ. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Rísíkàt fi gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn.

"Bàbá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wo bí ọkọ̀ ṣe tò ní pápá."

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, bí kò ti ṣe mọ́ láti ìgbà tí Rísíkàt ti wà ní kékeré. Àwọn obìnrin fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọjà ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn, bàbá ń sọ fún un bí òun ṣe gbé e wá sí ìlú yìí nígbà tí kò tíì fẹnu jẹ iyán, àti bó ṣe sunkún nígbà tó kọ́kọ́ rí àwọn òkè. Rísíkàt kò gbọ́ ìtàn náà rí.

"Ká ní ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ni," ni bàbá rẹ̀ wí, "ibẹ̀ ni ǹ bá ti fi ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n dé pápá. Búrẹ́mọ̀ ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n Múdàṣírù kò tíì fọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Jẹ́ ká yí pápá yìí ká lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

Búrẹ́mọ̀ rọra ti ilẹ̀kùn padà, ó sì dúró dè wọ́n.