Ojú Ọ̀nà Kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Tarrun

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn tó mọ Thora Isbister ṣì wà láyé ní èbúté kékeré tó ń gbé ní ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Orkney, níhà àríwá tí òtútù ti ń mú. Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ bi wọ́n. Wọn kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn yóò kàn máa wo ẹsẹ̀ ara wọn ni.

Iṣẹ́ Thora ni kó máa ya máàpù àwọn ilẹ̀ tí kò sí. Bí òǹkọ̀wé bá ti inú ara rẹ̀ hú ayé kan jáde, tó kó ọba àti ogun sínú rẹ̀, Thora ni yóò wá ibi tí odò ayé náà ti ń ṣàn wá àti ibi tó ń ṣàn lọ. Kì í gbà kí odò gun òkè. Kì í gbà kí ìlú wà níbi tí kò sí omi mímu. Irọ́ náà ní òfin tirẹ̀, ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Erlend Garriock ló ń kọ àwọn ìwé ilẹ̀ Tarrun, ọ̀kan nínú irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fẹ́ Inga, àbúrò Thora. Inga ti kú. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ rìn lọ sórí bèbè òkúta tó dojú kọ òkun ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ nìkan ló padà wálé. Ó ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn ibẹ̀ sì le lóòótọ́, ni gbogbo ìlú bá gbà á gbọ́. Wọn kò rí òkú. Thora náà ní òun gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sin pósí òfìfo náà, ó wo ọwọ́ Erlend, ó rí i pé kò gbọ̀n.

Ní ìgbà òtútù ọdún tí mò ń wí yìí, Erlend gbé ìwé tuntun wá. Ó ní kí Thora fi ìwọ̀-oòrùn Tarrun sílẹ̀ lófìfo. Bèbè òkúta ni, òkun ló tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Thora yà á bẹ́ẹ̀. Ó dìde lọ po tíì. Nígbà tó fi máa padà, ojú ọ̀nà kan ti wà níbẹ̀.

Ó tín-ín-rín. Láti etí omi gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gun bèbè náà dé òkè, ó dúró. Ìlà kéékèèké tó ń já, tó ń já, gẹ́gẹ́ bí Thora fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Erlend ní kọ́kọ́rọ́ ilé Thora lọ́wọ́. Òun ni ọkàn Thora kọ́kọ́ lọ bá. Ó fi abẹ ha ọ̀nà náà kúrò, ó ní kí wọ́n wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀nà náà ti padà. Ó ti gùn sí i. Ó ti wọ pápá.

Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pe Erlend.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tètè máa ń ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù. Erlend kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó wo máàpù náà pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ má fi yíǹkì bú mi."

"Èmi kọ́ ni mo yà á."

"Ọwọ́ yín rèé."

"Ọwọ́ mi ni. Èmi kọ́."

Kò gbà á gbọ́. Thora náà kò gbà pé kì í ṣe Erlend ló yà á. Ó ní káwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí oníkálukú máa ṣọ́ ọwọ́ ẹnìkejì. Wọ́n jókòó. Àwọn gègé ìkọ̀wé wà nínú ife lójú fèrèsé, níbi tápá ẹnì kankan kò dé. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Kò sẹ́ni tó tan iná, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kúrò.

Atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì. Àwọn ẹyẹ òkun dákẹ́. Wọ́n wá gbọ́ ọ.

Kíṣ. Kíṣ. Bí ẹnu gègé lórí bébà. Á dúró díẹ̀, á tún máa lọ, bí ẹni tó ti rẹ̀ tó ń gun òkè. Òórùn omi òkun gba inú yàrá. Thora tẹjú mọ́ ọwọ́ Erlend nínú òkùnkùn. Ó ń gbọ̀n.

Nígbà tí Thora tan iná, ọ̀nà náà ti la pápá já. Ó ti gba odò kọjá níbi tí odò kò ti jìn, bí ẹni tó mọ ilẹ̀. Ó dorí kọ ìlú tí akọni inú ìwé Erlend ń gbé.

Erlend wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ya òkè ńlá kan dí ọ̀nà náà, òkè gíga tí yìnyín bò. Ó ní òun á tún ìwé náà kọ kó lè bá a mu.

"Ẹ dí i, ẹ̀gbọ́n. Kó má baà rí ibi gbà."

"Kí ta ni má baà rí ibi gbà?"

Erlend dìde kúrò nídìí tábìlì.

"Ọ̀nà lásán ni mo rí, Erlend. Mi ò rí èèyàn. Ta ló ń bọ̀?"

Ó wo máàpù. Ó wo ilẹ̀kùn. Thora mú gègé kan, ó tì í bọ yíǹkì, ó gbé e dúró lórí bébà títí ẹ̀kán kan fi fẹ́ já bọ́. Lẹ́yìn náà ó nù ún, ó dá a padà sínú ife.

"Òkè kì í hù lọ́jọ́ kan," ó ní. "Máa lọ sílé."

Òtútù kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Erlend fi ta ilé rẹ̀. Ó gba ìwé náà padà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó sọdá òkun lọ sí Aberdeen níhà gúúsù, kò dágbére fún ẹnì kankan. Ará ìlú kan tó pàdé rẹ̀ ní ọjà ẹja níbẹ̀ ní ohun kan ṣoṣo ló bi òun: ṣé Thora ṣì ń ya máàpù?

Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn pé ìbànújẹ́ ló ń ti Thora, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yà á láìmọ̀. Kò bá wọn jiyàn. Nígbà mìíràn tó bá jí, á wo ìka rẹ̀ bóyá yíǹkì wà níbẹ̀. Kì í sí.

Máàpù náà ṣì wà lórí tábìlì. Ọ̀nà náà kò lọ sí ìlú akọni mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Erlend kó lọ ló ṣẹ́rí sí gúúsù. Ó la igbó, ó gba àárín òkè méjì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan etí bébà. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí yìnyín yọ́ lórí òrùlé.

Thora jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Kò sunkún. Ó mú bébà funfun mìíràn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, níhà gúúsù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi tí méjèèjì ti pàdé, jẹ́jẹ́, títí ó fi dán, kó má baà kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.