Ẹni Tó Ń Wá Olè Nínú Ìwé

Bí o bá mú ìwé pélébé yìí dání kí o lè máa wá àṣìṣe inú rẹ̀, jókòó dáadáa. Ìwọ gan-an ni mò ń wá. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé kà jù ọ́ lọ, tí ìwé kíkà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run àpáàdì.

Adájọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló wà, ìwé ìtàn ni wọ́n sì ń kọ́ ọ láti máa kà kó sì máa tú palẹ̀. Wọ́n fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun ka ìyẹn sí oyè. Kò sí ẹni tó wà nínú ìwé tí kò dá lẹ́jọ́. Opó tó parọ́, ọlọ́rọ̀ tó háwọ́, ọmọ tó gbàgbé ìyá rẹ̀ sílé, gbogbo wọn ló jẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣàánú ẹnì kan nínú wọn.

Olùkọ́ wọn jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń fi bírò pupa sàmì sí iṣẹ́, ó sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka ìwé kan tán, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ àṣàrò tirẹ̀ lórí ohun tí ìwé náà kọ́ ọ nípa ayé, ó sì gbọ́dọ̀ fi ohun kan tó jẹ́ òótọ́ láti ilé ara rẹ̀ kún un. Ẹ̀rí ilé ni olùkọ́ ń pe ìyẹn. Àṣàrò tí kò bá ní ẹ̀rí ilé nínú, bàbá yóò dá a padà láìkà á.

Adájọ́ kì í ráhùn ẹ̀rí ilé. Ó mú ọtí àmuyíràá bàbá rẹ̀ tó ti kú wá. Ó mú ìwà ahun ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá. Ó mú aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn wá. Bí o bá bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ńkọ́, mo fẹ́ kí o dúró ná, nítorí mo ní irú ìbéèrè yẹn fún ìwọ náà.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ń kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Kristi ni. Kì í ka ìwé kankan yàtọ̀ sí Ìwé Mímọ́ àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ni Adájọ́ bá sọ ọ́ ní Ìwé-Kan. Lójoojúmọ́ ló máa ń bi í bóyá ìwé ọ̀hún ò tíì tán. Ìwé-Kan kì í bínú, ìyẹn gan-an ló sì ń bí Adájọ́ nínú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìwé-Kan ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, Adájọ́ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bú ọkùnrin kan tó wà nínú ìwé tó ń kà.

“Nínú gbogbo ìwé tí o ti kà,” Ìwé-Kan bi í, “ta ni o máa ń jẹ́ níbẹ̀?”

“Mi ò jẹ́ ẹnì kankan. Èmi ni mò ń kà á.”

“Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ.”

Adájọ́ ní kó gbé ìwàásù rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé àwọn tó wà níbẹ̀ ò lè sá. Ó yíjú sí ògiri, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ.

Wàyí o, Adájọ́ ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, obìnrin, aránṣọ. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Òun ló rán gbogbo aṣọ tó wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn tipẹ́. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, ilé ọlọ́rọ̀ kan ló ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì jí oògùn ìyáálé ilé náà gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n wá oògùn títí, wọ́n di ẹ̀bi ru obìnrin tó ń dáná fún wọn, wọ́n sì lé e jáde bí olè. Ẹ̀gbọ́n Adájọ́ wà níbẹ̀, ó ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ìyá wọn kú.

Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, aṣọ ló ń gé lọ́wọ́, ó sì ní láti gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó tó lè sọ ọ́ tán. Ó ní òun ti wá obìnrin alásè náà títí, òun ò rí i. Ó ní kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí olùkọ́ ní kí wọ́n ka ìwé kan tó dá lórí ìránṣẹ́bìnrin tó ń jalè. Adájọ́ jókòó sídìí àṣàrò rẹ̀ bí ẹni jókòó sídìí oúnjẹ. Ó ń wá ẹ̀rí ilé. O ti mọ ohun tó mú wá.

Iṣẹ́ náà dára, n kò ní fi irọ́ bà á jẹ́. Olùkọ́ ní Adájọ́ ni yóò gba ẹ̀bùn ọdún náà, ó sì gbọ́dọ̀ kà á jáde ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí àwọn òbí àti ará ilé bá wá. Nígbà náà ni ẹ̀rù ba Adájọ́ díẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀, àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀, ìyá àfẹ́sọ́nà náà ń bọ̀. Ó tọ olùkọ́ lọ, ó ní òun fẹ́ yọ ẹ̀rí ilé kúrò. Bàbá wò ó láti òkè ìgò ojú rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni iyọ̀ wà, bó bá yọ ọ́, kí ẹlòmíràn múra àtigba ẹ̀bùn. Adájọ́ dúró níbẹ̀, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀.

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ já geere. Kò dárúkọ, ó kàn ní “ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn mi yìí.” Ó sọ nípa oògùn, ó sọ nípa obìnrin alásè tó ń di ẹrù. Ó ní olè tó jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹ̀bi òun ló burú jù nínú gbogbo olè. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ títí òrùlé fi ń dún.

Ìyá àfẹ́sọ́nà ti di ọwọ́ ìyàwó-ọ̀la ọmọ rẹ̀ mú láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àpò tó gbé sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

Adájọ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ̀bùn lọ́wọ́.

“Àǹtí mi, ẹ má bínú. Àṣàrò lórí ìwé lásán ni.”

“Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí ọ níkùn lo tú síta kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ọ,” ni obìnrin náà wí. “Má wá sílé mi mọ́.”

Kí oṣù náà tó parí, ìdílé ọkọ ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́.

O rò pé Adájọ́ ronú pìwà dà? Rárá o. Ìyá àfẹ́sọ́nà ló dá lẹ́bi. Ó ní aláìmọ̀wé ni, ó ní kò lójú àánú. Lẹ́yìn rẹ̀ ó dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lẹ́bi pé ó le jù. Nígbà tí Ìwé-Kan gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀, ó sọ bàtà mọ́ ọn.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè kan ló wà lórí ìwé: kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n kórìíra jù nínú ohun tí wọ́n kà, kí wọ́n sọ ohun tí ayé rẹ̀ kọ́ wọn, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí ilé kún un. Adájọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣí bírò rẹ̀. Ó wá ẹ̀rí lọ sílé nínú ọkàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀, ó ti lò ó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ti lò ó. Aládùúgbò, ó ti lò ó. Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọ, ó ti tà á ní gbangba. Ilé ti ṣófo. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó sì mọ ẹni náà.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé ṣìrìṣìrì, òun ò lè kọ lẹ́tà kan. Gbogbo àwọn tó ti dá lẹ́bi nínú ìwé ń padà wá sí i lọ́kàn, ojú tirẹ̀ ló sì ń rí lọ́rùn wọn. Òógùn bò ó. Ó dìde, ó fi ìwé òfìfo sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde nígbà tí olùkọ́ ń wò ó.

Ó bá Ìwé-Kan ní yàrá, níbi tó ti ń lọ aṣọ bíi ti àtijọ́. Adájọ́ wó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ti ba ayé ẹ̀gbọ́n òun jẹ́, ó sì ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tu òun nínú. Ìwé-Kan ò tù ú nínú. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ jí oògùn kí ìyá yín má bàa kú. Ìwọ jí ẹ̀gbọ́n rẹ tà nítorí àtẹ́wọ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èwo ni olè?”

Adájọ́ wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò rí. Ó bú sẹ́kún.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá jókòó tì í. Ó sọ fún un pé Onídàájọ́ kan wà tó ti ka ayé rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, tí kò fo ibì kankan, tó mọ̀ pé ó jẹ̀bi, tó sì tún fẹ́ ẹ.

“Obìnrin alásè yẹn ru ẹ̀bi ẹlòmíràn, kò mọ ìdí rẹ̀,” ó ní. “Jésù ru tìrẹ lórí àgbélébùú, ó sì mọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí o kà ní gbọ̀ngàn yẹn kí wọ́n tó kàn án mọ́ igi.”

Adájọ́ kúnlẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì. Ọmọ tó mọ̀rọ̀ọ́ kọ bẹ́ẹ̀ ò rí ju gbólóhùn kan sọ: “Olúwa, èmi ni.” Ó ń sọ ọ́ ṣáá títí àyà rẹ̀ fi rọ̀. Ìgbà tó dìde, ó ti di ti Kristi.

Má rò pé gbogbo nǹkan wá dùn lọ́jọ́ kan. Ó dá ẹ̀bùn padà. Ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun ka àṣàrò òun lórí ìwé ìránṣẹ́bìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú kíláàsì, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló sì fi ṣe ẹ̀rí ilé. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Ó lọ sílé ìyá àfẹ́sọ́nà, ìyẹn gbọ́ ọ tán lórí ìdúró, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ìgbéyàwó yẹn ò padà wá mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́; Kristi dárí jì í, ṣùgbọ́n kò lẹ èèpo rẹ̀ padà.

Níkẹyìn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ò dá ẹ̀rọ dúró. Adájọ́ sọ gbogbo rẹ̀ láìwá àwáwí, pé òun mọ̀ kí òun tó kà á, pé òun lè yọ ọ́, pé òun ò yọ ọ́. Ó ní Ọlọ́run ti dárí jì òun.

“Ọlọ́run lè ti dárí jì ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Èmi ò tíì ṣe é.”

Ẹ̀rọ ń dún. Aṣọ gígùn ló ń rán, etí rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó fà á, ó tún yọ̀.

“Dìde. Bá mi di etí aṣọ yìí mú.”

Ó dìde, ó dì í mú. Wọ́n rán an tán. Nígbà tó ń já òwú, obìnrin náà ní wọ́n ti sọ ibi tí obìnrin alásè yẹn ń gbé fún òun.

“Màá lọ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo máa sìn mí lọ. Bí a bá débẹ̀, wàá dákẹ́. Èmi ni màá fi ẹnu ara mi sọ ọ́.”

Ìwọ tí ń ka èyí ńkọ́? O ti dá Adájọ́ lẹ́bi, má parọ́. Láti ìgbà tó ti kàwé ní gbọ̀ngàn lo ti ń mi orí. Bóyá o tiẹ̀ ti rántí ẹnì kan tí ìwé yìí bá mu, o sì ti ń rò ó pé wàá fi há a lọ́wọ́. Mú un dání ná. Ta ni ìwọ nínú ìtàn yìí? Má sọ fún mi pé ìwọ lò ń kà á.

Ẹni tí o ṣẹ̀ lè pẹ́ kó tó dárí jì ọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Jésù kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní dárí ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò rẹ jì ọ́, tìrẹ ló ń bi ọ́ léèrè. Ẹ̀mí tó wà nínú rẹ báyìí, ìwọ kọ́ lo ni ín, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí ọ̀la fún ọ. Níbi tí o dúró sí yìí, lónìí, kí o tó pa ìwé yìí dé, sọ ọ́: Olúwa, èmi ni.

Bí o bá ti sọ ọ́, wàá lè fún ẹlòmíràn ní ìwé yìí kà.