Ọwọ́ Tí Ìdòwú Kò Bọ̀

Bàbá Àdìsá, atúnagogoṣe ní Ìyànà Ìbà, kì í fi ọ̀rọ̀ ojú ṣeré. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù fún un. Olóde, àrùn ìgbóná, ti gba èkejì láti kékeré. Ojú kan yìí ló fi ń bọ́ aya àtọmọ.

Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1989. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n so yìgì Àdìjá, ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú Ìdòwú tó ń tún rédíò ṣe l'Álàbá. Òun àti Ìdòwú jọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kan l'Ókokomáíkò. Bí wọ́n ti sálámà tán, bàbá na ọwọ́ sí àna rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ìdòwú fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọwọ́ mi yìí..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Àjàní, tó ń lẹ táyà, fi ké láti ẹ̀yìn pé, "Áà! Àwọn tó ń pe bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ ní àdádáálẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀sìn ti mú un lọ!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún bàbá lọ́kàn. Ó gbé bàtà rẹ̀, kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó dilé.

"Àbẹ̀bí! Kò sí yìgì mọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Bàbá Àdìjá, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ tíì gbọ́ tẹnì kankan."

"Mi ò fẹ́ gbọ́!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìdòwú wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá lé e lẹ́nu ọ̀nà láìwo ojú rẹ̀, láìgbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àdìjá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́jọ́ kẹta, Àbẹ̀bí ránṣẹ́ pe Lèmọ́mù Ràfíù tó ṣíwájú ìrun lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Awò dúdú ni Lèmọ́mù fi bojú wọlé, omi sì ń dà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má sún mọ́ mi o. Àpólò ni, àrùn ojú tó ń ràn. Ó kárí gbogbo àwa tá a wà ní sáfù, ìlà iwájú. A bọ ara wa lọ́wọ́, a ṣàdúà, a wá fi ọwọ́ kan náà pa ojú."

"Ìdòwú ńkọ́?" ni Àbẹ̀bí bi í.

"Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó bá wa kírun ní sáfù kan náà, ni àrùn náà kọ́kọ́ wọ̀. Nígbà tá à ń kírun lọ́wọ́ lojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún òun náà, ó sì fọwọ́ ra á. Ìdí tí kò fi bọ̀ yín lọ́wọ́ nìyẹn, Bàbá Àdìsá."

Bàbá jókòó sílẹ̀. Yàtọ̀ sí Ìdòwú, òun nìkan ló kúrò ní sáfù náà láìbọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, òun nìkan sì lojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Alihamudulilai," ló ń sọ, omijé ń bọ́. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Lèmọ́mù, ṣé àdádáálẹ̀ ni bíbọwọ́ náà?"

"Bí a bá ti sálámà sọ́tùn-ún sósì, ìrun ti parí. Bíbọwọ́ kò sí lára rẹ̀, fífọwọ́ pa ojú náà kò sí lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ká fi í sílẹ̀ kó má baà di dandan. Àwọn mìíràn ní kò burú. Èmi máa ń ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é, ẹ má pè é ní aṣebàjẹ́. Ẹni tí kò ṣe é, ẹ má pè é ní agbéraga. Àmọ́ kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ran ẹnì kejì, kò sí onímọ̀ tó gbà á láyè."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, bàbá fẹsẹ̀ rìn dé ilé Ìdòwú, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ló fi ọ́ ṣọ́ ojú mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí."

Ìdòwú dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yàrá. "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣáà má wọlé o!"

Wọ́n sún yìgì síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì so ó tayọ̀tayọ̀. Àjàní ò rí i wá. Àpólò mú òun náà, kẹrosíìnì ló sì kán sójú dípò kó lọ sílé ìwòsàn, funfun sì ti bo ojú òsì rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí Àpólò bá wọ àdúgbò, ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má jọ lo táwẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì kán ohunkóhun sójú bí kò ṣe oògùn tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn. Bí ẹnì kan ò bá bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ bi í pé kí ló dé. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Àdìsá ń dúpẹ́ lórí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tó fi pa ọmọ rẹ̀ lẹ́kún, kò rí i tún ṣe.