Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Fọwọ́

Ṣé ẹ ti gbọ́ kí kọ̀ǹpútà máa wúkọ́ rí? Ẹ yéé rẹ́rìn-ín, mi ò tíì débì kankan.

Ti àǹtí mi tó ń fi ẹ̀rọ rán òdòdó sára aṣọ ló ń wúkọ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, ti ayé DOS, ni, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí mo ti ń wá gbá géèmù lórí ẹ̀ ni ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ sì ni gbogbo bátànì tí ọkọ àǹtí yà kó tó kú wà. Tó bá wúkọ́ kú, oúnjẹ àǹtí lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ ẹ̀ náà lọ.

Ọkùnrin yẹn, Ọ̀gá Fọwọ́ là ń pè é. O ò fọwọ́, o ò gbọdọ̀ kan kíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Ìyá ìyàwó ẹ̀ gan-an, ó dá a padà sídìí ẹ̀rọ omi rí.

Èmi ni àǹtí ní kí n kó àwọn bátànì náà sínú kọ̀ǹpútà tuntun. Àwo fílọ́pì tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ kúrò lórí irú ẹ̀, èyí tó dáa ò ju ẹyọ kan lọ, kò lè gbà wọ́n. Àfi kí n fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ta ló tún ń ṣe ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí DOS á fi bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀? Mo wá a títí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì kan ti kú, òmíràn ní kí n lọ bá èyí tó ti kú. Àfìgbà tí mo já sọ́dọ̀ àwọn arúgbó kan tí wọn ò jẹ́ kí DOS sinmi. Ètò náà wà níbẹ̀, ó wọnú fílọ́pì rẹ́gí.

Ọ̀sán gangan ni mo jókòó tì í, ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“O ti fọwọ́?” Àǹtí béèrè láti ìdí ẹ̀rọ ẹ̀.

“Àǹtí, ẹ̀pà gbígbẹ mà ni. Ẹni tó ń lé wa lọ fọwọ́ ti sùn.”

“Hùn. Má sọ pé mi ò sọ.”

Mo fi ètò náà sí i, mo ní kó ké sí kọ̀ǹpútà tuntun. Ikọ́ dákẹ́ lójijì. Òórùn ọṣẹ gba imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ọṣẹ ní yàrá yẹn. Lẹ́tà funfun wá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan:

LỌ FỌ ỌWỌ́ Ẹ.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn arúgbó yẹn ló ń fi mí ṣeré, pé wáyà ló gbé e wá. Mo wo wáyà. Wáyà ṣì ká jọ sínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Mo gbàgbé ni, mi ò tíì so nǹkankan mọ́ nǹkankan.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ dé ìdí omi, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Mo padà, mo so wáyà, bátànì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ikọ́ kankan ò sí.

“Àǹtí, ó… ikọ́ yẹn ti lọ.”

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ikọ́ wo? Bí ọkọ mi ṣe máa ń tún ọ̀fun ṣe nìyẹn tó bá ti rí ọwọ́ ìdọ̀tí.”

Gbogbo bátànì wọlé tán, ọ̀kan tún tẹ̀ lé wọn. Àǹtí ní òun ò mọ ìyẹn rí. Ó fi í sẹ́rọ, abẹ́rẹ́ gbéra. Ọwọ́ ló rán, ìka márùn-ún, èyí tó kéré jù tẹ̀ díẹ̀ bíi tèmi. Níparí, ó rán àmì pupa kékeré kan sábẹ́ èékánná ìka náà.

Mo rọra gbé ìka tèmi sókè.

Èèpo ẹ̀pà ṣì wà níbẹ̀.