Kí Lo Ń Gbé Mì?

Mo ń fi kílípà gẹ irun oníbàárà kan lọ́wọ́, mo ti gẹ apá kan orí rẹ̀ tán, nígbà tí ọmọ mi obìnrin já wọ ṣọ́ọ̀bù tó ń pariwo.

"Bàbá! Wọ́n mú mi! Wọ́n mú mi o!"

Àyà mi já. Ẹ sọ fún mi, bàbá wo ló máa gbọ́ "wọ́n mú mi" tí kò ní kọ́kọ́ ronú ọlọ́pàá?

"Ta ló mú ọ? Kí lo ṣe fún wọn?"

"Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni, Bàbá! Èmi ni wọ́n mú láti máa ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́!"

Háà! Mo ju kílípà sílẹ̀, mo gbé ọmọ, mo fi í yí po. Oníbàárà náà dìde, ó ń bá wa jó tòun ti aṣọ funfun tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn.

Onígbàjámọ̀ ni mí, bẹ́ẹ̀ ni orí èmi fúnra mi dán gbinrin. Irun ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn oníbàárà mi a máa bi mí pé èmi tí mò ń gẹ taráyé, ta ni yóò gẹ tèmi? Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti gẹ.

Ọmọ mi yìí, Olóhùn-iyọ̀ là ń pè é láti kékeré. Bó bá ń kàwé sókè, ẹni tó ń sunkún á dákẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó tún fẹ́ láyé yìí ju kó jókòó sórí àga yẹn kó máa ka ìròyìn. Ó ti gbìyànjú títí, wọ́n ń dá a padà. Ó wá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kó lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n jẹ́rìí pé ara rẹ̀ le kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ṣe ipò kejì ló máa gba àga náà.

Àǹtí Dídán ló kọ́kọ́ wá bá wa yọ̀. Òun ni aládùúgbò wa tó ń ta ìpara ní òdìkejì títì, ojú rẹ̀ tó ń dán ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó kí wa kú oríire tán, ó wá tẹjú mọ́ ọmọ mi.

"Olóhùn-iyọ̀, ohùn wà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe rédíò o! Ojú ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Irorẹ́ wo wá nìyí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́?"

Ó fa ike aláwọ̀ wúrà kan yọ, ó mì ín kí a lè gbọ́ hóró tó kún inú rẹ̀.

"Oúnjẹ awọ nìyí. Kì í ṣe oògùn o! Inú ló ti ń tún awọ ṣe wá síta. Awọ á jọ̀lọ̀, irun á hù, èékánná á le. Máa gbé e mì láràárọ̀. Sì máa mu omi dáadáa, máa tètè sùn, má máa rìn nínú oòrùn."

"Ṣé ó dájú, Àǹtí?" ìyàwó mi bi í.

"Èmi fúnra mi ń lò ó! Ẹ ò rí mi ni?"

Ọmọ mi fọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò sì pẹ́ tí irorẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìyàwó mi á fà á lọ sójú fèrèsé: "Ẹ wá wo awọ! Ẹ wá wo ọmọ mi!" Èmi náà ò sinmi. Mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí àga mi pé bàbá ẹni orí tẹlifíṣọ̀n ló ń gẹ orí wọn.

Ìgbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, dókítà obìnrin àgbàlagbà kan ló fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó bi í pé, "Ṣé o ń lo oògùn kankan?"

Ọmọ mi ní, "Rárá o, mà. Mi ò lo oògùn rárá." Ó sì dá a lójú pé òótọ́ lòun ń sọ.

Nígbà tí ilé ìwòsàn pè, gbogbo wa yí fóònù ká. A ti múra àtipariwo ayọ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò dára tó," ni dókítà wí. "Nǹkan kan wà ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Ibẹ̀ ni gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Ó jọ pé tìrẹ ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Padà wá kí n rí ọ. Ó lè gba pé ká bẹ̀rẹ̀ oògùn."

"Gẹ̀gẹ̀!" Ìyàwó mi lọgun. "Gẹ̀gẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n! Yéè, mo gbé!" Ó di ọrùn ọmọ mú, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó tẹ tèmi náà wò.

Ayọ̀ abara tín-ín-tín. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, àga yẹn ti lọ. Wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì." Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an, mi ò lè purọ́ fún yín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti ẹ̀ jọ lọ. Dókítà fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò rí kókó kankan. Ó ní kó na ọwọ́, ọwọ́ kò gbọ̀n. Ó gbọ́ ìlùkìkì ọkàn rẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń lù.

"Ṣé o ń rù ni? Ṣé ooru ń mú ọ lódìlódì? Ṣé o kì í rí oorun sùn?"

"Rárá, mà. Oorun dídùn ni mò ń sùn."

Dókítà fọwọ́ lérán. "Ẹ̀jẹ̀ ń sọ tọ̀tún, ara ń sọ tòsì. Ọ̀kan ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì." Ó wo ọmọ mi dáadáa. "Ọmọ mi, bóyá èmi ni mi ò mọ ìbéèrè bi lọ́jọ́sí. Jẹ́ kí n tún un bi. Tí a bá yọ oúnjẹ inú àwo kúrò, kí lo ń gbé mì láti ìgbà tóo bá jí títí tí wàá fi sùn?"

"Kò sí, mà. Àfi… àfi oúnjẹ awọ."

"Oúnjẹ kí ni?"

Ọmọ mi yọ ike aláwọ̀ wúrà náà nínú báàgì. Dókítà ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ló bá lu tábìlì gbàá!

"Òun nìyí! Ọwọ́ bà á!"

Èmi ti dìde. N kò mọ ohun tọ́wọ́ bà, ṣùgbọ́n inú mi ti ń dùn.

"Ẹ jókòó, bàbá. Fítámì kan tí wọ́n ń pè ní bàótìn ló kún inú nǹkan yìí, ó sì pọ̀ ju ohun tí ara ń fẹ́ lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló ń lo bàótìn yìí kan náà láti fi mú ohun tí wọ́n ń wá. Bó bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹni, á da ẹ̀rọ láàmú, ẹ̀rọ á wá máa ṣì í kà. Ó lè ní àìsàn wà níbi tí kò sí. Èyí tó tún burú jù, ó lè ní kò sí níbi tó wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú gan-an, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé."

Ó mirí. "Ẹ ò rí i bí mo ṣe fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn àìsàn tí kò ṣe é!"

"Ṣùgbọ́n Àǹtí Dídán ní kì í ṣe oògùn, mà," ọmọ mi wí. "Ó ní oúnjẹ ni."

"Orúkọ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n máa pè é. Ṣé ẹ̀jẹ̀ mọ orúkọ ni?"

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ń lọ síbi tí mi ò fẹ́. Mo wúkọ́. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lò ó fún irun ńkọ́?"

Ọmọ mi yíjú sí mi wìì. "Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ń jí i lò! Mo ní kí ló ń jẹ hóró inú ike mi!"

Dókítà wo orí mi láti iwájú dé ìpàkọ́. "Ṣé ó ti ń hù, bàbá?"

"Kò tíì hù, mà. Mo ṣì ń retí ẹ̀."

Ẹ̀rín pa wá. Ọmọ mi tó ti ń sunkún láti àná rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Ẹni tó bá ń jẹun bó ṣe yẹ," dókítà ń bọ́rọ̀ lọ, "bàótìn kì í sábà wọ́n lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí gidi pé àfikún rẹ̀ ń tún awọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe."

"Ṣùgbọ́n irorẹ́ rẹ̀ ti ń lọ, dókítà!"

"Kí ló tún ń ṣe tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀?"

Mo ronú. "Ó ń tètè sùn. Ó ń dé fìlà bí oòrùn bá mú. Kì í sì í fọwọ́ tẹ irorẹ́ mọ́."

"Ẹ rí nǹkan! Irorẹ́ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bó bá pẹ́, á lọ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló para pọ̀ gbé ẹrù, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń kí kú iṣẹ́." Ó ní kí ọmọ mi dá hóró náà dúró, ó dá ọjọ́ tó máa padà wá fún un kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà.

A délé, Àǹtí Dídán gbọ́, ó fò sókè. "Ẹ má dá a dúró o! Bó bá dá a dúró, irorẹ́ yẹn á padà wá tòun ti ìyá àti bàbá rẹ̀! Ṣé bó ṣe máa bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn?"

"Àǹtí, ta ló sọ pé ó ń ṣiṣẹ́?" mo bi í.

"Wọ́n kọ ọ́ sára ike, ẹ̀yin náà ẹ kà á!"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Ta ló wá dán an wò tí kì í ṣe àwọn tó ń tà á?"

Ó mú ike náà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ó dáa. Bí èmi bá kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù mi pé kò sí ẹni tó mọ irun gẹ̀ tó mi láyé yìí, ṣé ẹ máa gbà?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ẹ gẹ orí ènìyàn dé ìdajì tẹ́ẹ ń jó kiri?"

"Ẹ ò gba tèmi gbọ́, èmi tẹ́ẹ mọ̀, ẹ wá gba ti ike gbọ́!"

Àǹtí Dídán fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ohun tí wọ́n sọ fún un lòun náà ń sọ fáyé.

Kò ju ìgbà díẹ̀ lọ tí irorẹ́ tuntun kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Mo bá a níwájú dígí, ike wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí ìdérí. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fà.

"Bàbá," ó ní, "irorẹ́ kan ò lè gba àga yẹn lọ́wọ́ mi. Hóró yìí ló fẹ́ gbà á." Ó dé ike náà, ó sì gbé e padà fún Àǹtí Dídán.

Èsì àyẹ̀wò kejì dé: ara rẹ̀ dá ṣáká! Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọrùn rẹ̀ rí. Ìyàwó mi pariwo débi pé àwọn ará òpópónà kejì sáré wá wò wá.

Ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ ka ìròyìn, ṣọ́ọ̀bù mi kún dẹ́nu ọ̀nà. Irorẹ́ yẹn ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo mọ ibi tí mo ti ń wá a. Ẹlòmíì ò rí i. Àǹtí Dídán gan-an ló ń pariwo jù: "Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá ní hóró kan ń tún awọ ṣe láti inú, ẹ bi wọ́n pé ta ló dán an wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń tà á kì í ṣe ẹ̀rí. Oorun tó tó, oúnjẹ tó yẹ, àti yíyẹra fún oòrùn líle, wọn kì í da àyẹ̀wò rú. Bí awọ bá ń yọ yín lẹ́nu tí kò lọ, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Aláboyún ní pàtàkì, kó má gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì láìbéèrè, nítorí fítámì mìíràn wà tó lè pa ọmọ inú lára bó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ yín, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń gbé mì pátá ni kẹ́ ẹ sọ, ohun yòówù kí ẹni tó tà á máa pè é. Ọmọ tèmi rí àga rẹ̀ gbà nítorí pé dókítà bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín lẹ́ẹ̀kejì.