Ẹ̀dọ̀ Ló Ń Pàṣẹ fún Iṣan

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan kọ́kọ́ rí, gígùn gbọọrọ, tó yọ síta lábẹ́ síńkì yàrá ìwádìí rẹ̀. Orin ń ti ibẹ̀ jáde bí ẹni pé páìpù ló ń kọ ọ́:

"Omi tútù, má sá fún mi o,
Ẹni tó wá ọ á rí ọ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ yẹn, iṣẹ́ lẹ wá ṣe àbí eré?"

Púlọ́ńbà tó wá tún síńkì tó ń jò ṣe yọrí, eruku lórí, ẹ̀rín lẹ́nu. "Méjèèjì ni, àǹtí. Oúnjẹ ọ̀sán yín ló wà nínú àwo yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀ eku ni. Ṣé kí n bù fún yín?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Síńkì ò jò mọ́, àmọ́ púlọ́ńbà ò yéé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin náà sọ ìṣòro rẹ̀ fún un. Iṣan ń fi èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe afẹ́fẹ́ kan, náítíríkì ọ́ksáìdì, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú àwọn eku rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, afẹ́fẹ́ náà ti wọ́n. Ó yẹ iṣan wò títí, kò rí àbùkù kankan.

"Adúmáadán," ni púlọ́ńbà wí, torí wọ́n ti kúrò ní àǹtí nígbà yẹn, "bí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé bá ń da omi tíntín, mi ò ní tú ìkankan. Ibi tí omi ti ń wọlé ni mo máa lọ. Ta ló ń ṣọ́ ohun tí iṣan fi ń ṣe afẹ́fẹ́ yẹn?"

Ọmọbìnrin náà dìde fùú. Ẹ̀dọ̀! Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ èròjà náà, òun ló ń díwọ̀n rẹ̀. Tí àìsàn bá wá bá ẹ̀dọ̀, oje tó fi ń jẹ èròjà náà á dà sínú ẹ̀jẹ̀, á jẹ ẹ́ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ iṣan. Ó wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ wo ẹ̀dọ̀, ọ̀gá tí kì í pariwo!

Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì pinnu láti fẹ́ra wọn. Ó ku bàbá ọmọbìnrin náà, dókítà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tí ò kàwé," ló wí. Ọmọbìnrin náà ò sì lè fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ ò súre fún. Ó mú púlọ́ńbà wálé.

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ lo tú àdììtú ẹ̀dọ̀. Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?"

Bó bá fọ́nnu, ó parí.

"Mi ò mọ nǹkan kan, sà. Ọmọ yín ló mọ̀ ọ́n. Èmi kàn bi í ní ìbéèrè ni."

Bàbá fa àga sún mọ́ ọn. "Ogójì ọdún ni mo fi wo iṣan. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi náà ò bi ara mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún?"

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ àyànfẹ́ rẹ̀ mú. "Lọ́la, Dádì."

"Lọ́la kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n ra bàtà ná!"